Ọ̀NÀ KAN Ò WỌ ỌJÀ: Bí a ṣe lè yan ohun èlò ìpolówó orí fóònù tó bá òwò wa mu

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí jẹ mọ́ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe bí a ṣe ń fi pe ènìyàn la fẹ́ sọ, ìyẹn ò ṣòro fún wa mọ́. Bí a ṣe lè fi polówó ọjà wa, tí owó tí a ná sí i kò sì ní ju èrè tí a rí níbẹ̀ lọ, ni a fẹ́ jọ yẹ̀ wò.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Láti ìgbà ìwásẹ̀ ni a ti ń fi ohùn polówó. Ẹlẹ́kọ ní ohùn tirẹ̀, ẹlẹ́wà ní tirẹ̀, bí ẹlẹ́pà bá sì ń kọjá lẹ́yìnkùlé, ọmọdé inú ilé á ti mọ̀ pé òun ni. Ohùn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ibi tí etí bá ti gbọ́ ọ ló mọ. Fóònù lè gbé ohùn wa àti àwòrán ọjà wa dé Ìbàdàn, dé Èkó, dé Kútọnu, títí dé Lọ́ńdọ̀nù, láìjẹ́ pé a dìde lórí ìjókòó wa.

Ṣé ẹ rántí ọdún 2020? Ní ìparí oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí àrùn kòrónà dé, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ọjà tí kì í ṣe ti oúnjẹ pa. Ẹni tó ní nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́ rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ojú lásán ló fi mọ oníbàárà rẹ̀, bí ọjà ti tì báyìí, ojú ò rí ojú mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ọ̀rọ̀ àtijẹ àtimu ni.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ohun èlò náà ti pọ̀ jù. Lónìí ẹ gbọ́ WhatsApp, lọ́la ẹ gbọ́ TikTok, ọ̀tunla ọ̀dọ́mọkùnrin kan á yọjú sí ìsọ̀ yín, á ní ẹ san owó báyìí báyìí, òun á sọ yín di ìlúmọ̀ọ́ká. Àwọn kan san án tán, ẹni tó wá kò ju mọ̀lẹ́bí lọ. Àwọn mìíràn ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ló ń pàdánù. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹni tó ru ìkòkò máa gbà, ó lè má jẹ́ èyí tí ẹni tó ń da ewúrẹ́ máa gbà. Ẹrù tí kálukú rù ló yẹ kó wò kó tó yan ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN TÍ A NÍ LÁTI KỌ́KỌ́ DÁHÙN

Ká tó fọwọ́ kan ohun èlò kankan, ẹ jẹ́ ká mú ìwé àti kálámù, ká dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó pe ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́.

1. Ta ni ń ra ọjà wa? Ṣé àwọn ará àdúgbò ni, àbí àwọn alárobọ̀ tó ń wá láti ìlú mìíràn, àbí àwọn ọ̀dọ́, àbí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun? Ibi tí oníbàárà bá ń jókòó sí lórí fóònù ló yẹ ká lọ bá a. Bó bá jẹ́ pé fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kí la fẹ́ fi Instagram ṣe?

2. Kí ló ń mú kí wọ́n rà á? Ọjà mìíràn wà tó jẹ́ pé ojú ló ń tà á: aṣọ, bàtà, ìlẹ̀kẹ̀, gèlè. Òmíràn wà tó jẹ́ iye owó ló ń tà á: ìrẹsì, gààrí, epo pupa. Òmíràn sì wà tó jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń tà á: aṣọ rírán, irun dídì, oúnjẹ òde àríyá. Ọjà ojú ń fẹ́ àwòrán. Ọjà iye owó ń fẹ́ ìròyìn tó yá kánkán. Ọjà ìgbẹ́kẹ̀lé ń fẹ́ ẹ̀rí ẹnu àwọn tó ti rà á rí.

3. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa ń padà wá? Bó bá jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rà, iṣẹ́ wa ni ká di èyí tó wà lọ́wọ́ mú. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹni tuntun la ní láti máa wá. Ohun èlò tó ń dá oníbàárà dúró yàtọ̀ sí èyí tó ń wá tuntun.

4. Ta ni yóò máa ṣe é? Bí oníbàárà bá béèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀ tí a kò dá a lóhùn títí di alẹ́, ó ti bá ẹlòmíràn lọ. Ohun èlò kan tí a ń tọ́jú dáadáa sàn ju márùn-ún tí eruku bò lọ.

5. Èló la lè ná lóṣù kan tí kò ní gé owó òwò wa? Ẹ má gbàgbé dátà o. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Dátà kì í ṣe owó kẹ́lẹ́bẹ́ mọ́. Ká kà á mọ́ ìnáwó ọjà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka owó ọkọ̀ àti owó alábàárù.

OHUN ÈLÒ KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI IṢẸ́ TÍ Ó LÈ ṢE

Ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń dé orí fóònù kékeré, kò sì béèrè dátà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Àmọ́ ẹ mọ àṣírí kan. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160. Bí a bá ti fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá, bí ẹ tàbí ọ tó ní àmì nísàlẹ̀, lẹ́tà 70 péré ni ojú ewé náà máa gbà, ọ̀rọ̀ tí ìbá jẹ́ ojú ewé kan á di méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì gba owó gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ọlọ́pọ̀ ènìyàn ni, ẹ ké e kúrú. Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 2442 pé òun kò fẹ́ ìpolówó, tiwa náà lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

WhatsApp Business. Èyí yàtọ̀ díẹ̀ sí WhatsApp lásán. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde fún àwọn oníṣòwò kékeré, ọ̀fẹ́ ni a sì ń gbà á sórí fóònù. Ó ní àtẹ tí a lè to ọjà sí, àwòrán pẹ̀lú iye owó rẹ̀, tó 500 oríṣi. Ó lè kí oníbàárà tuntun fúnra rẹ̀, ó lè sọ fún ẹni tó kọ̀wé lóru pé a ti ti ìsọ̀. Ó ní àmì tí a lè fi ya oníbàárà sọ́tọ̀: ẹni tó ti sanwó, ẹni tó jẹ wá lówó, ẹni tó ń retí ẹrù. Bí fóònù wa bá ń gba káàdì méjì, nọ́ńbà kan lè wà fún WhatsApp ti ilé, ìkejì fún ti ọjà, kí ọ̀rọ̀ ẹbí má bàa dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ òwò.

A lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, àkójọ kan kì í ju ènìyàn 256 lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà wa pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ti ra ọjà tán, ẹ ní kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ lójú yín níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó fún un ní ẹ̀ẹ̀ni. Ohun tí a bá fi sí "status" kì í ju wákàtí 24 lọ, ó máa ń pa rẹ́. Ó dára fún ọjà òòjọ́: tòmátò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Facebook. Àkáǹtì ti ara ẹni kì í gbà ju ọ̀rẹ́ 5,000 lọ, ibẹ̀ sì kọ́ ló yẹ ká ti máa tajà. Ojú-ìwé òwò ló yẹ ká ṣí, ọ̀fẹ́ lòun náà. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ó dára fún ọjà tó ń fẹ́ àlàyé àti fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Instagram àti TikTok. Ojú ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. TikTok lè gbé fídíò ẹni tí a kò mọ̀ rí dé iwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó wo fídíò kì í ṣe ẹni tó rajà. Ẹ má jẹ́ kí iye ẹni tó wò ó kó sí yín lórí. Ìwọ̀nba ẹni tó béèrè iye, tó sì sanwó, ni kí ẹ kà.

Google. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé a lè fi ìsọ̀ wa sórí àwòrán ilẹ̀ Google lọ́fẹ̀ẹ́. Google Business Profile ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnìkan bá dé ìlú wa tó wá ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, orúkọ wa, nọ́ńbà wa àti ọ̀nà ìsọ̀ wa lè jáde. Ó dára fún ẹni tó ní ojú kan pàtó: aránṣọ, onídìrí, olóúnjẹ, alágbàlọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé ẹ wá sanwó kí Google tó fi yín síbẹ̀, ẹ dákun, ẹ má dá a lóhùn.

Àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Jumia, Konga àti Jiji. Èyí dà bí ìgbà tí a gba ìsọ̀ nínú ọjà onílé. Èrò ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n onílé ní òfin tirẹ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa yọ nínú ọjà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí owó máa tó wa lọ́wọ́, àti ẹni tó máa gbé owó ọkọ̀ bí oníbàárà bá dá ọjà padà. Bí èrè orí ọjà bá tínrín, ìyọkúrò yẹn lè jẹ ẹ́ tán.

Ìpolówó olówó. Facebook, Instagram, TikTok àti Google ń gba owó láti gbé ọ̀rọ̀ wa síwájú àwọn tí kò mọ̀ wá. A lè yan ìlú, a lè yan ọjọ́ orí, a lè sọ pé iye báyìí la fẹ́ ná, kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Òun ni kí a lò kẹ́yìn, kì í ṣe òun ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ bó ṣe ń dá oníbàárà mẹ́wàá lóhùn kò gbọdọ̀ sanwó pe ọgọ́rùn-ún wá sílé.

TA NI KÍ Ó LO ÈWO?

Oníadìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ọjà ojú ni, ọjà ìgbẹ́kẹ̀lé sì tún ni, nítorí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè ti pọ̀ lọ́jà, òun náà ń jẹ́ adìrẹ lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Kí ló lè yà wá sọ́tọ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ ya fídíò kékeré níbi tí wọ́n ti ń fi okùn so oníko, níbi tí ìyẹ́ ti ń fi ẹ̀kọ ya ara aṣọ elẹ́kọ, àti bí aṣọ ṣe ń jáde nínú aró. Ẹ̀rọ kò lè ṣe fídíò yẹn. Instagram tàbí TikTok ni kí ó fi wá ẹni tuntun, WhatsApp Business ni kí ó fi tà á fún wọn.

Aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Bódìjà tàbí Máìlì 12. Oníbàárà ń padà wá, iye owó sì ń yí lójoojúmọ́. Àkójọ WhatsApp àti ìpè ti tó fún un. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ó fi iye agbọ̀n tòmátò àti àpò ata ránṣẹ́ sí àwọn olóúnjẹ tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lo fóònù kékeré, kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Kò sí ohun tó fẹ́ fi TikTok wá kiri.

Aránṣọ àti onídìrí. Ẹ̀rí ẹnu ni wọ́n nílò. Kí wọ́n wà lórí Google, kí wọ́n sì bẹ ẹni tí iṣẹ́ wọn bá tẹ́ lọ́rùn pé kó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, lórí WhatsApp tàbí Instagram. Kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ oníṣẹ́ kí wọ́n tó gbé àwòrán rẹ̀ jáde o.

Ẹni tó ń ta ìpèsè lójú páálí fún àwọn alárobọ̀. Àtẹ WhatsApp Business pẹ̀lú iye páálí kọ̀ọ̀kan ti tó. Alárobọ̀ kò wá àwòrán tó rẹwà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù wà nílẹ̀ kó tó wọkọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan lórí iye owó. Ọ̀pọ̀ wa kì í kọ iye, a ní aládùúgbò á rí i, tàbí pé dúnàádúrà á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kì í fẹ́ béèrè ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ kọ iye síbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹni tó bá rà púpọ̀ á rí ẹ̀dínwó gbà. Àwòrán ọjà tiwa náà ni ká lò, ká má jí ti ẹlòmíràn. Bí aṣọ tó dé ọwọ́ rẹ̀ kò bá jọ èyí tó rí, oníbàárà náà lọ nìyẹn. Òwúrọ̀ ni kí ẹ yà á, níta, lábẹ́ ibòji, kì í ṣe nínú òkùnkùn ìsọ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ

Ká ní ìyá oníadìrẹ kan ná owó báyìí lóṣù kan: dátà, náírà 5,000; ọmọ tó ń bá a ya fídíò, náírà 1,000; ìpolówó olówó lórí Facebook, náírà 6,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ náírà 12,000. Ènìyàn mẹ́wàá ra aṣọ lórí fóònù, náírà 9,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Náírà 90,000 wọlé, inú ìyá dùn. Ẹ ní sùúrù. Náírà 7,200 ni aṣọ kan ń ná an, èrè orí ọ̀kan jẹ́ 1,800. Èrè orí mẹ́wàá jẹ́ 18,000. Bí a bá yọ 12,000 kúrò, ó ku 6,000. Kò burú, àbí?

Ẹ jẹ́ ká tún wò ó. Ìyá yìí bi oníbàárà kọ̀ọ̀kan pé, "Níbo lẹ ti rí wa?", ó sì ń fa igi sínú ìwé. Méje wá láti WhatsApp, mẹ́ta wá láti ìpolówó olówó. Èrè orí méje jẹ́ 12,600. Yọ dátà àti owó ọmọ, ìyẹn 6,000, ó ku 6,600. Èrè orí mẹ́ta jẹ́ 5,400, ìpolówó sì gba 6,000. Níbẹ̀, ó fi 600 ṣòfò. WhatsApp ló ń bọ́ ìpolówó olówó, ìyá ò sì ní mọ̀ bí kò bá béèrè.

Ṣé kó wá pa ìpolówó náà tì ni? Kò ì tíì yá. Bí ẹni mẹ́ta yẹn bá tún wá rà lóṣù tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ó san nǹkan mìíràn láti pè wọ́n, á ti jèrè. Bí wọn kò bá yọjú mọ́, kó gé e. Ẹ fún ohun èlò kan ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwé yín sì dá ẹjọ́ náà.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Èkíní: nọ́ńbà mẹ́fà. Bí WhatsApp bá fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ní òun fi ṣèèṣì ránṣẹ́ sí yín ni. Ẹni tó bá gbà á á gba WhatsApp yín, á sì máa fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ oníbàárà yín. Orúkọ tí ẹ fi ogún ọdún kó jọ lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín fi nọ́ńbà àṣírí kejì sí i nínú ètò WhatsApp, kí ẹ sì há a sórí.

Èkejì: ta ló ni ín? Nígbà mìíràn ọmọṣẹ́ ló ń bá wa ṣí ojú-ìwé, nọ́ńbà tirẹ̀ àti ímeèlì tirẹ̀ ló fi ṣí i. Lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira tàbí tí ìjà bá dé, ó di tirẹ̀, oníbàárà sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ nọ́ńbà tí a fi orúkọ yín gbà ni, ímeèlì yín, kí ẹ̀yin jẹ́ ọ̀gá ojú-ìwé náà, kí ọmọṣẹ́ jẹ́ igbákejì. Ìsọ̀ tí a sanwó rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kọ orúkọ sí ìwé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Àwòrán pé owó ti lọ kì í ṣe owó. Ẹ wo àkáǹtì yín ní báńkì fúnra yín kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀, ì báà jẹ́ pé alágbáso ń kánjú.

Ẹ̀kẹrin: nọ́ńbà ènìyàn kì í ṣe ẹrù wa. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó máa fi ìpolówó ránṣẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò fẹ́ ìpolówó. Bí ó bá ní ó tó, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má sì ta àkójọ nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀karùn-ún: ilé onílé. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú jákèjádò ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Google pa gbogbo ìkànnì ọ̀fẹ́ tí àwọn oníṣòwò fi Business Profile ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn ṣì wà lórí àwòrán ilẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi oníṣòwò nínú wọn. Nítorí náà, ẹ ní ìwé kan nílé tí ẹ kọ orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà rẹ̀ àti ohun tó máa ń rà sí. Bí gbogbo nǹkan bá dákú, ìwé yẹn á ṣì la ẹnu.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

A kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe gbogbo rẹ̀ papọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Lóṣù yìí, ẹ ṣe mẹ́ta péré:

1. Ẹ dáhùn ìbéèrè márùn-ún tó wà lókè yìí, kí ẹ sì yan ohun èlò kan ṣoṣo.
2. Ẹ kọ nọ́ńbà ogún oníbàárà sínú ìwé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn ọjà yín.
3. Ẹ fa igi fún gbogbo ẹni tó rajà: níbo ló ti rí yín?

Fún ìjíròrò nípàdé: Ǹjẹ́ ẹni tí fóònù rẹ̀ dára láàárín wa lè máa bá àwọn ìyá àgbà ẹgbẹ́ ya àwòrán ọjà wọn? Èló ni yóò tọ́ ká jọ san fún un? Nínú àwọn tó ń ta ọjà kan náà, ṣé ká jọ ṣí ojú-ìwé kan ni, àbí kí kálukú ṣí tirẹ̀? Bó bá jẹ́ ọ̀kan la jọ ṣí, báwo la ó ṣe pín oníbàárà tí kò ní di ìjà?

Ẹ mú ìwé yín dání wá sí ìpàdé. Ẹni tó bá ti fa igi láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù á ní nǹkan tó máa kọ́ wa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n.

Ọjà á tà o. Ajé á wọgbá.